Awọ Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Orúnkún

Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé oríkì ni mo fẹ́ ki. Mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n bàbá mi, inú rẹ̀ sì ń bí mi títí di òní. Méjèèjì jọ ń gbé inú mi bí orogún, kò sí èyí tó fẹ́ kó jáde fún èkejì. Ẹ má sì bínú pé mi ò fi "wọ́n" pe àgbà nínú ìtàn yìí. Bí mo bá ń fi ọ̀wọ̀ pe gbogbo wọn, a ò ní mọ ẹni tó ṣe kí ni, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Ìyá Fọ́nrán ni àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń pè é, nítorí pé fọ́nrán òwú ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwa ará ilé náà gba orúkọ yẹn lẹ́nu wọn. Obìnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ ju ìwọ̀nba lọ. Tó bá fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Èmi tí òun fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n dàgbà jù, màá fi itọ́ pọ́n òwú lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọlé. Tíṣà ni wọ́n ti ń pe èmi láti kékeré, nítorí pé mo máa ń tún ọ̀rọ̀ àgbà ṣe mọ́ wọn lẹ́nu, orúkọ náà sì wá rò mí: olùkọ́ ni mí lónìí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. "Tíṣà," á ní, nígbà tí mo bá ń bá abẹ́rẹ́ jà, "ṣé báyìí lo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ?"

Iṣẹ́ bàtà ló kọ́kọ́ ṣe. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi rán bàtà ní ilé iṣẹ́ kan, títí ilé iṣẹ́ náà fi kógbá wọlé. Oṣù mẹ́rin ló jókòó sílé kó tó gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà. Ó rò pé aṣọ funfun wọn ni wọ́n fẹ́ kó máa rán. Wọ́n mú un sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ ìta, débi pé bàtà àwọn tó ń kọjá nìkan lèèyàn lè rí láti ibẹ̀. Egungun itan kan àti egungun ojúgun kan wà lórí tábìlì, wọ́n gbẹ táútáú. Dókítà kan tó ti darúgbó, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dókítà Àgbà, na òwú sí i.

"Ẹ bá mi so méjèèjì pọ̀, Màdáámú, kó lè máa ká, kó sì lè máa nà."

"Ẹni tó ni ín ńkọ́?"

"Ó ti yọ̀ǹda rẹ̀ kó tó kú."

"Ẹ ṣeun. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, kó má baà wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Dókítà Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n gbà á síṣẹ́, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé òṣìṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlá ni ìgbà díẹ̀ yẹn gùn tó.

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Nínú orúnkún wa, iṣan mẹ́rin tó lágbára ló so egungun òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, méjì tó kù wà ní àárín gbùngbùn, wọ́n sì dábùú ara wọn. Dókítà Àgbà fẹ́ sọ orúnkún di àwòrán tí èèyàn lè fi rúlà wọ̀n: ibi tí iṣan kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí, bó ṣe gùn tó nígbà tí ẹsẹ̀ bá nà, bó ṣe gùn tó nígbà tó bá ká. Tí iṣan àárín bá já, oníṣẹ́ abẹ lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ ojú ibi tí yóò lu ihò sí lára egungun. Bó bá fi ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ṣìnà, iṣan tuntun náà á dẹ̀ jù, orúnkún á máa yẹ̀, tàbí kó le jù, orúnkún ò sì ní lè ká mọ́.

Bí Ìyá Fọ́nrán ṣe ń wá ojú ibẹ̀ nìyí. Á kan ìṣó tín-ín-rín kan mọ́ egungun itan, á kan òmíràn mọ́ egungun ojúgun, á so òwú mọ́ méjèèjì, á wá máa ká orúnkún náà díẹ̀díẹ̀, á máa wọn òwú, á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Tí òwú bá dẹ̀ tàbí tó bá fẹ́ já, á fa ìṣó yọ, á sún un díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Orúnkún kan ṣoṣo lè gba ọgọ́rin ìṣó. Òun náà ló sọ fún Dókítà Àgbà pé kò tọ̀nà kí òwú kan dúró fún iṣan kan, nítorí iṣan kì í ṣe okùn kan, ìdì fọ́nrán ni. Tí orúnkún bá ká, àwọn fọ́nrán iwájú á le. Tó bá nà, ti ẹ̀yìn á le. Láti ọjọ́ náà, òwú méje ló fi ń ṣe iṣan kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ.

Ṣùgbọ́n awọ ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Ní ọdún kejì, ó rí i pé iye tí òun ń kọ sílẹ̀ kì í bá èyí tí Dókítà Àgbà wọ̀n lára òkú tuntun mu. Ọ̀rọ̀ náà gba oorun lójú rẹ̀. Nílé wa, níbi tó ti ń jẹun lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó dédé gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Bàbá Tíṣà," ó pe bàbá mi, "bàtà tí kò bá ní ìtẹ̀lẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ ò ní rì nínú rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí mo wọ̀ yìí ò ní ìtẹ̀lẹ̀, kò sì tún ní ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tẹ́ ẹ máa ràn lọ́wọ́, èmi rèé."

Kò tilẹ̀ gbọ́ ọ. Àṣé orí egungun ẹni tó wà láàyè ní ohun funfun kan tó ń yọ̀, tó bò ó, tí kì í jẹ́ kí egungun fi ara ko egungun. Tí egungun bá gbẹ, ohun náà á gbẹ dànù. Egungun méjèèjì á wá sún mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo òwú á sì máa parọ́. Ìyá Fọ́nrán mú awọ ìtẹ̀lẹ̀ bàtà, ó gé e, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí egungun, ó so òwú rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n. Iye méjèèjì bára mu. Dókítà Àgbà wá àga jókòó. "Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wá nǹkan yìí," ló sọ, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Àmọ́ kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Awọ ò sí nínú àwòrán, kò sí nínú àlàyé iṣẹ́, ọwọ́ obìnrin kan péré ló wà. Àwọn ọ̀mọ̀wé yìí! Wọ́n á kọ iye ìgbà tí wọ́n sín sílẹ̀, wọn ò ní kọ ohun tí aránbàtà sọ fún wọn.

Bàbá mi ní tirẹ̀, táìsì ló ń tẹ́. Ilẹ̀ ilé ìwẹ̀, ilẹ̀ pálọ̀, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, kò sí èyí tí kì í tẹ́. Orí orúnkún lòun ti ń jẹun, bó ṣe máa ń sọ nìyẹn. Ní ọdún kẹsàn-án tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà nídìí egungun, ó gbé páálí táìsì gun àtẹ̀gùn ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ yí, ó sì gbọ́ ìró kan nínú orúnkún ọ̀tún. Èyí tó wà níwájú nínú iṣan àárín méjèèjì ló já. Nígbà tí orúnkún náà ò wú mọ́, ó lè rìn, ó sì tún lè kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́. Kí ẹ rántí pé ó lè kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìròtẹ́lẹ̀, orúnkún náà á yẹ̀ mọ́ ọn lára bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mì, òun àti ẹrù rẹ̀ á sì bá ara wọn nílẹ̀.

Bàbá mi kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó bẹ̀rù abẹ. Ọdún kan ààbọ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ ṣe é. Ó ṣàlàyé fún un pé láti inú iye tí àwọn ń wọ̀n, wọ́n ti ń ṣe irin kékeré kan tí oníṣẹ́ abẹ á gbé lé egungun, irin náà á sì fi ojú ibi tó máa lu hàn án.

"Tí wọ́n bá wá lu ibi tí kò yẹ ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi ló wọ̀n ọ́n. Ṣé o ò gbọ́kàn lé ọwọ́ mi ni?"

"Ọwọ́ yín kẹ̀? Ọwọ́ tó wẹ̀ mí ní kékeré!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ, ó sì gbà. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó máa retí. Ibi tó ti ń retí ni Dókítà Àgbà ti fẹ̀yìn tì.

Ẹnjiníà kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ọkùnrin tó kéré lọ́jọ́ orí, tó mọ́ tónítóní, tó máa ń kí gbogbo èèyàn títí dé orí agbálẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti kórìíra rẹ̀, kò ṣeé ṣe tó bí mo ṣe fẹ́. Ó kó kọ̀ǹpútà wọ yàrá ìsàlẹ̀ náà, ó ní gbogbo irin tí wọ́n bá máa ṣe láti ìsinsìnyí lọ, ìwọ̀n tuntun tí wọ́n bá wọ̀n lójú òun ni kí wọ́n fi ṣe é. Ọjọ́ kẹta tó dé ló gbé orúnkún kan sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Mọ́mì, kí ni awọ bàtà ń wá nínú orúnkún èèyàn?"

"Ó dúró fún ohun tó gbẹ dànù ni, ọ̀gá."

"Kò sí nínú àwòrán."

"Bẹ́ẹ̀ ni, kò sí níbẹ̀. Àmọ́ tá a bá yọ ọ́, òwú á máa parọ́."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Egungun là ń wọ̀n, Mọ́mì, a ò wọn bàtà. Tó bá ku nǹkan kan, kọ̀ǹpútà á ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọ́."

Ó yọ ọ́. Ó fi ọ̀bẹ ha awọ kúrò lórí orúnkún mẹ́rìnlá, ó nu gọ́ọ̀mù rẹ̀ dànù, ó sì tún gbogbo wọn wọ̀n. Iye tuntun yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ojú ibi tí ihò yẹ kó wà lára egungun itan ti sún síwájú ní ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ó lé díẹ̀. Ó rí i. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó rí i. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí i, ó ń dúró kí Ẹnjiníà bi òun pé kí ló fà á. Ẹnjiníà ò béèrè, òun náà ò sì sọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n gbé ìwé kan wá fún un. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà lókè ibi tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí: "Mo ti yẹ ìwọ̀n wọ̀nyí wò, wọ́n sì péye." Ọjọ́ kan náà ni Ẹnjiníà sọ fún un pé òun ti kọ̀wé sókè pé kí wọ́n sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi, nítorí pé ìtìjú ni kí irú ọwọ́ yẹn ṣì máa ṣiṣẹ́ onígbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó halẹ̀ mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó ní bí kò bá fọwọ́ sí i, wọn ò ní fún un. Èyí ló ń dùn mí jù. Ká ní wọ́n fi ipá mú un ni, ǹ bá rí ẹlòmíì bínú sí. Òun ló rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tó bá ń janpata ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe é lóore, aláìmoore ni. Ó fọwọ́ sí i, ó dá ìwé padà, ó sì lọ jẹun ọ̀sán.

Ní oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn, ilé ìwòsàn pe bàbá mi.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, Ìyá Fọ́nrán wá sílé wa. Mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ lórí tábìlì. Bàbá mi ń di báàgì, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara rẹ̀ pé táwọn dókítà bá la orúnkún òun, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó mu omi, ó gbé ife sílẹ̀, ó tún gbé e.

"Bàbá Tíṣà, ṣé o ò ní dúró díẹ̀ ná?"

"Kí n dúró de kí ni? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ."

"Èmi ni."

"Àbí nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀?"

Mo gbójú sókè. Olùkọ́ ni mí, mo mọ ojú ọmọ tó mọ ìdáhùn tí kò sì fẹ́ nawọ́. Mo rí i lójú rẹ̀, mo wá tan ara mi pé ẹ̀rù ló ń bà á bó ṣe ń ba gbogbo wa.

"Rárá," ó ní. "Kò sí nǹkan kan. Mo kàn ní kó o jẹun dáadáa kó o tó lọ."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ la máa ń wí. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn o. Ó jókòó sórí àga wa, ó ń mu omi.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, kò sí ariwo, kò sí ẹ̀jẹ̀ tó dà jù. Orúnkún náà ò yẹ̀ mọ́, ká má parọ́. Ó dúró gírí bí òpó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kó máa ká a, ó ká dé ìwọ̀n tí èèyàn fi ń jókòó sórí àga, ó sì dúró síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ibẹ̀ náà ló wà. Oṣù kẹrin, ibẹ̀ náà ni. Obìnrin tó ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá ẹsẹ̀ ní ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

"Bàbá, ẹ ò ṣe é nílé. Ọ̀lẹ ń ṣe yín."

Ọ̀lẹ! Bàbá mi, tó ti kúnlẹ̀ tẹ́ ilẹ̀ odindi ilé ìwòsàn kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì! Ìyá Fọ́nrán wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ló bá a gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ wá. Ó gbọ́ tí wọ́n pe àbúrò rẹ̀ ní ọ̀lẹ. Ó wo ilẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi délé, ó sùn dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n jókòó lé ẹsẹ̀ òun. "Tẹ̀ ẹ́, Tíṣà." Mo tẹ̀ ẹ́. Ó bu ìrọ̀rí jẹ. "Tẹ̀ ẹ́, mo ní!" Mo tún tẹ̀ ẹ́, mò ń sunkún, òun náà ń sunkún sínú ìrọ̀rí, ẹsẹ̀ náà ò sì kúrò níbi tó wà. Bá a ṣe ń ṣe é ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ fún oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Mo ń fi ọwọ́ ara mi dá bàbá mi lóró nítorí wọ́n ní ó ń ṣọ̀lẹ.

Ẹni tó ń tẹ́ táìsì tí kò lè kúnlẹ̀, kí ló kù fún un? Ó gbìyànjú láti máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn ṣe é. Ó gbìyànjú láti jókòó sórí àpótí kékeré, kó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, àmọ́ ẹsẹ̀ náà ló máa ń dí ibi tó yẹ kí táìsì wà. Àwọn oníbàárà kọ́kọ́ káàánú rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n pe ẹlòmíì. Níkẹyìn, ẹnì kan tó ń ta táìsì fún un ní àga lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó máa sọ iye páálí tí yàrá kan máa gbà fáwọn tó bá wá rà. Ó ń jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń wo táìsì tí ẹlòmíì máa tẹ́.

Ìyá Fọ́nrán ò fi wá sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ àbámẹ́ta ló ń wá. Ó ń fọ aṣọ, ó ń se oúnjẹ, ó rán bàtà kan tó ga níwájú tó rọ̀ lẹ́yìn fún un kó lè máa rìn dáadáa. Gbogbo àdúgbò ń yìn ín, èmi náà yìn ín, mo ní ẹ̀gbọ́n bí ìyá ni. Bàbá mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ náà láìdáa níwájú rẹ̀. "Ohun tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi ṣe, ó ṣe é," á wí. "Èyí tó kù, àmúwá Ọlọ́run ni." Ó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, títí tí ojú rẹ̀ fi rọ̀, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́rìn-ín pa àwọn oníbàárà ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo rí i bó ṣe ń padà bọ̀ sípò. Ó gbà á ju ọdún kan lọ.

Nígbà tá a gba ọlidé, mo lọ kí Ìyá Fọ́nrán níbi iṣẹ́. Mo bá a níbi tó ti ń lẹ rọ́bà funfun pẹlẹbẹ kan mọ́ orí egungun.

"Kí nìyẹn?"

"Ó dúró fún ohun tó gbẹ dànù ni."

"Ṣebí awọ bàtà lẹ máa ń lò."

"Wọ́n ti yọ awọ, ó ti tó ọdún méjì ààbọ̀. Ẹnjiníà wá rí i fúnra rẹ̀ lọ́dún tó kọjá pé nǹkan kan kù. Ó kọ ìwé lé e lórí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Rọ́bà ló ní ká máa lò."

"Láàárín ìgbà tí wọ́n yọ awọ sí ìgbà tí rọ́bà dé ńkọ́?"

Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ka oṣù lórí ìka mi níwájú rẹ̀, sókè ketekete, bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Nígbà tí mo dé oṣù tí wọ́n la orúnkún bàbá mi, mo dúró.

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ jókòó nílé wa lọ́jọ́ ìsinmi yẹn, ẹ mọ̀?"

"Ó ní kọ̀ǹpútà á ṣe é."

"Ẹ gbà á gbọ́?"

Ó gbé rọ́bà náà sílẹ̀. "Rárá."

Mo bi í pé èèyàn mélòó ni wọ́n fi irin ìgbà yẹn ṣe. Ó ní mẹ́sàn-án, pẹ̀lú bàbá mi. Mo bi í pé ta ló sọ fún wọn. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún wọn, wọ́n kàn kó irin náà dànù. Mo sọ̀rọ̀ sí i lọ́jọ́ yẹn bí ọmọ kì í ti í sọ̀rọ̀ sí àgbà. Mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Mo ní ó ta orúnkún àbúrò rẹ̀ nítorí ìwé ìgbanisíṣẹ́ kan. Mo ní bí kò bá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, èmi á sọ ọ́. Mo rò pé bàbá mi á pariwo, á lé e jáde, á ké mọ́ Ẹnjiníà, gbogbo wa á sì wá ríbi bẹ̀rẹ̀. Òtítọ́ ni mo gbé lọ́wọ́, mi ò sì bi ara mi pé orí ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ lé.

Ní ọjọ́ kejìlá, ó wá. Bàbá mi wà lórí àga rẹ̀ nídìí fèrèsé, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àpótí. Ó fi àga lọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn ní rárá. Ó dúró sí àárín ilé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: awọ, ohun tí Ẹnjiníà sọ, iye tó sún, ìwé tó fọwọ́ sí, iṣẹ́ gidi tí wọ́n fẹ́ fún un, ọjọ́ ìsinmi yẹn, ọjọ́ tí wọ́n pe bàbá mi ní ọ̀lẹ. Kò sunkún, kò sì fi Ẹnjiníà bo ara rẹ̀. "Èmi ni," ó ní. "Mo mọ̀, mo sì dákẹ́."

Bàbá mi fọwọ́ lé orúnkún rẹ̀.

"Ṣé wọ́n wá fún yín ní iṣẹ́ náà?" ló kọ́kọ́ béèrè.

"Wọ́n fún mi."

"Ó dáa." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ta ló ní kẹ́ ẹ wá sọ fún mi?"

"Kò sẹ́ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fi ẹsẹ̀ yìí lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ ò mọ ohun tí ojú mi rí kí n tó fi lé e lọ́wọ́. Tí mo bá jí láàárọ̀, màá ní àmúwá Ọlọ́run ni, màá sì wọ bàtà mi. Èèyàn kì í bá Ọlọ́run jà, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa rí oorun sùn. Ẹ wá gbà á lọ́wọ́ Ọlọ́run báyìí, ẹ gbé e padà fún mi. Kí ni kí n fi ṣe?"

Mi ò lè jẹ́ kí Ìyá Fọ́nrán máa dá gbé e.

"Èmi ni, Bàbá," mo ní. "Èmi ni mo ní kí wọ́n wá sọ ọ́."

Ó yíjú sí mi. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe wò mí yẹn.

"Ẹ bá mi jáde," ó ní, "ẹ̀yin méjèèjì. Mo fẹ́ sunkún, kí n tó dìde kúrò lórí àga yìí á ti pẹ́ jù."

A jáde. A dúró sẹ́nu ọ̀nà, èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi, a ò wo ara wa, a ń gbọ́ ọ.